Ta Ni Oníbodè Meghri? Ìfigagbága àti Ọ̀nà Òwò ní Ilẹ̀ Káúkásù

Kókó ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju ẹyọ kan lọ. Ní ilẹ̀ Káúkásù, kì í ṣe bí ọ̀nà ti kúrú tó ni wọ́n fi ń pinnu ibi tí òwò yóò gbà. Ẹni tí wọn kò fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ bá sì ti pààrọ̀ ipò, ọ̀nà náà a yà síbòmíràn.

Àárín Òkun Dúdú àti Òkun Káspíà ni Káúkásù wà. Òkè gíga là á já láti ìwọ̀ oòrùn dé ìlà oòrùn. Rọ́ṣíà ni ó wà ní àríwá òkè náà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó wà ní gúúsù rẹ̀: Jọ́jíà tí ó kan Òkun Dúdú, Ásábáíjánì tí ó kan Òkun Káspíà, àti Àméníà tí kò kan òkun kankan. Tọ́kì àti Ìránì ni wọ́n jọ pààlà ní ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ẹrù láti àárín gbùngbùn Éṣíà lọ sí Yúróòpù láìgba Rọ́ṣíà tàbí Ìránì kọjá, ibi tóóró yìí ni yóò gbà.

Àdéhùn Gulistan ti 1813 àti ti Turkmenchay ti 1828 ni Rọ́ṣíà fi gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́ Ìránì, tí odò Aras fi di ààlà. Nígbà tí epo rọ̀bì Baku wá di ohun tí gbogbo ayé ń wá, wọ́n parí ojú irin láti Baku gba Tbilisi dé èbúté Batumi ní 1883. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nǹkan bí ìdajì epo tí wọ́n ń wà ní gbogbo ayé ló ń ti Baku jáde. Ọ̀nà tí ó ti Baku gba ilẹ̀ Jọ́jíà yìí kò kúrò nínú ìtàn mọ́.

Lábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì, ààlà àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Ojú irin mìíràn wà nígbà náà tí ó tọ etí odò Aras, tí ó gba Meghri ní ìpẹ̀kun gúúsù Àméníà, tí ó dé Nakhchivan kí ó tó yà sí Yerevan. Ẹ fi orúkọ Meghri sọ́kàn. Nakhchivan jẹ́ ti Ásábáíjánì, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn Moscow àti ti Kars ti 1921 ti fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Àméníà ló là wọ́n láàrín. Nígbà tí ogun Karabakh bẹ́ sílẹ̀, ojú irin náà kú. Tọ́kì ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ Àméníà ní 1993. Nínú aládùúgbò mẹ́rin, Jọ́jíà àti Ìránì nìkan ló kù tí Àméníà lè gba ọ̀dọ̀ wọn jáde.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá na okùn láti Baku lọ sí etí òkun Tọ́kì, gúúsù Àméníà ni okùn náà yóò gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá epo tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí ó gùn ní 1,768 kìlómítà, Tbilisi ló yí gbà kí ó tó dé Ceyhan, níbi tí epo ti kọ́kọ́ dé ní 2006. Ojú irin tí wọ́n ṣí ní 2017 láti Baku dé Kars náà gba Tbilisi. Ìjà ẹlòmíràn ló sọ Jọ́jíà di oníbodè. Síbẹ̀, oníbodè kì í sùn fọnfọn: nígbà tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ Jọ́jíà ní oṣù kẹjọ 2008, wọ́n fọ́ afárá ojú irin kan nítòsí Kaspi, epo tí ọkọ̀ ń gbé lọ sí èbúté sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan.

Ogun ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ti 2020 ló tún dá ọ̀rọ̀ Meghri sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi parí ogun náà ní oṣù kọkànlá sọ pé kí Àméníà jẹ́ kí ènìyàn àti ẹrù máa lọ sí Nakhchivan, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè Rọ́ṣíà sì máa bójú tó o. Ásábáíjánì pe èyí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Zangezur. Èmi rò pé inú ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo ìjà náà wà. Ìwé náà dárúkọ ìsopọ̀ ìrìnnà. Kò pe ọ̀nà Nakhchivan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé kọjá láìkí i ti sọ pé òun náà ni ín nílé. Ohun tí Àméníà kọ̀ nìyẹn: ó ní òun yóò ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ òun ni yóò dúró lẹ́nu ibodè. Ìránì náà kò fara mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, nítorí Meghri ni ààlà tí òun àti Àméníà fi kan ara wọn. Àwọn tí ń gbin pómégíránétì létí odò níbẹ̀ kò ní ibòmíràn tí wọn yóò kó lọ bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Nǹkan méjì ló yí ìwọ̀n padà. Ogun tí Rọ́ṣíà gbé lọ sí Ukraine ní 2022 mú kí àwọn tí ń kó ẹrù láti Ṣáínà àti Kazakhstan máa wá ọ̀nà tí kò gba Rọ́ṣíà kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Ásábáíjánì gba ìyókù Karabakh. Àwọn ará Àméníà tí wọ́n sá kúrò níbẹ̀ lé ní 100,000, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tí ó wà níbẹ̀ láti pa àlàáfíà mọ́ kò sì dá a dúró. Láti ìgbà náà ni Àméníà ti ń wojú ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ 2025, Aliyev ti Ásábáíjánì àti Pashinyan ti Àméníà pàdé lọ́dọ̀ Trump ní Washington. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n la ọ̀nà Meghri, nǹkan bí kìlómítà 43, lábẹ́ òfin Àméníà, kí Amẹ́ríkà sì lọ́wọ́ nínú kíkọ́ rẹ̀. Orúkọ Trump ni wọ́n fi sọ ọ́. A kò gbúròó ẹ̀ṣọ́ Rọ́ṣíà nínú èyí.

Rọ́ṣíà àti Ìránì náà ní ọ̀nà tiwọn, èyí tí wọ́n bá Íńdíà fọwọ́ sí ní 2000, láti àríwá lọ sí gúúsù. Ó kù díẹ̀ kí ojú irin rẹ̀ so pọ̀ láàrín Rasht àti Astara, ibi tí wọ́n ṣàdéhùn lé lórí ní 2023. Ásábáíjánì kan náà ni ó gbà kọjá, nítorí náà ọ̀nà méjèèjì dá ara wọn ní ìkóríta níbẹ̀, Baku sì ń gba owó lọ́tùn-ún lósì.

Ní ìparí 2025, ọkọ̀ ojú irin kó àlìkámà láti Kazakhstan gba ilẹ̀ Ásábáíjánì wá sí Àméníà, ohun tí ojú kò rí láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Kò gba Meghri. Jọ́jíà ló yí gbà wọlé.