Ta ló ni ECOWAS? Bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso rẹ̀, àti ohun tó kàn wá níbẹ̀

Láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ẹni tó ní àbúrò ní Maradi ń bèèrè bóyá àbúrò òun ti di ẹni tó máa gba físà. Ẹni tó ń kó ọjà lọ tó ń kó àlùbọ́sà Galmi bọ̀ ń bèèrè iye tí owó bọ́dà máa dà. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń sọ pé ECOWAS ti túká, pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

ECOWAS ò tíì túká. Àmọ́ kí ìdáhùn tó lè yé wa dáadáa, àfi ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ẹgbẹ́ náà: ta ló ń pàṣẹ, ta ló ń ṣiṣẹ́, ta ló ń dájọ́, ilẹ̀kùn wo sì ni mẹ̀kúnnù lè kàn níbẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ìlú Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1975. Ọ̀gágun Yakubu Gowon tó ń ṣe olórí Nàìjíríà nígbà náà àti Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma ti Togo ló sáré iṣẹ́ náà jù. Orílẹ̀-èdè 15 ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Cape Verde wọlé lẹ́yìn náà, Mauritania sì jáde ní ọdún 2000. Nítorí náà, jíjáde Niger kọ́ ni àkọ́kọ́.

Àwọn àgbà wa mọ ìdí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, pé kí wọ́n gba ìwé tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó kúrò ní Kumasi, Tamale àti Accra. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé Ghana ni wọ́n bí wọn sí. Títí dòní, ìtàn yẹn ṣì wà nínú ilé púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìníṣà. Nígbà náà, kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó da gbogbo orílẹ̀-èdè agbègbè wa pọ̀ tí wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ta ló ń pàṣẹ?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ tiwa wé e. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níbi tí a wà, alága wà, akọ̀wé wà, akápò wà, àwọn àgbà tó ń parí ìjà náà sì wà. ECOWAS ní irú wọn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà, òun ló sì tóbi jù: nínú ẹgbẹ́ tiwa, èèyàn ni ọmọ ẹgbẹ́, ní ECOWAS, orílẹ̀-èdè ni ọmọ ẹgbẹ́. Èyí ló máa ṣàlàyé gbogbo ìyókù.

Àwọn olórí orílẹ̀-èdè ló wà lókè pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n máa ń ṣèpàdé, wọ́n sì lè pe ìpàdé pàjáwìrì nígbàkigbà. Láàárín ara wọn ni wọ́n ti ń yan alága fún ọdún kan. Ààrẹ Bola Tinubu ni wọ́n yàn ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n tún un yàn ní 2024, kí Ààrẹ Julius Maada Bio ti Sierra Leone tó gbà á ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Àmọ́ alága yìí kì í ṣe ọ̀gá lórí àwọn tó kù o. Kò lè pàṣẹ fún ọlọ́pàá tàbí kọ́sítọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí ló máa ń di ìpinnu.

Lábẹ́ wọn ni ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà wà. Àwọn ló ń gbé ètò ìnáwó àti àbá yẹ̀ wò kí ó tó dé iwájú àwọn olórí.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà lójoojúmọ́ wà ní Abuja. Títí di ọdún 2007, akọ̀wé àgbà ló ń darí ọ́fíìsì yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di Kọmíṣọ̀n, tó ní ààrẹ àti àwọn kọmíṣọ́nnà. Omar Alieu Touray, ọmọ Gambia, ló gbapò ààrẹ Kọmíṣọ̀n ní oṣù Keje ọdún 2022. Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ “ààrẹ ECOWAS” lórí rédíò, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé èwo ni wọ́n ń sọ: alága àwọn olórí orílẹ̀-èdè ni, àbí ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ Abuja?

Ilé aṣòfin náà wà, Abuja ló sì wà. Àga 115 ni wọ́n ṣètò síbẹ̀. Nàìjíríà ní 35, Ghana ní 8, Côte d'Ivoire ní 7. Àwọn tó kéré jù ní 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa kọ́ la ń dìbò yàn wọ́n. Láti inú ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń mú wọn, ìmọ̀ràn ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Ó ṣeé ṣe kí aṣojú àgbègbè tí ẹ ti ń dìbò wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Owó ńkọ́? Ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ọjà tó bá ti ìta ECOWAS wọlé. Bí ọjà láti China bá tó mílíọ̀nù kan náírà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nínú owó ẹnubodè ti ECOWAS ni. Ẹni tó ra aṣọ, fóònù tàbí ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti òkè òkun ti dá owó ẹgbẹ́ náà.

Ilé ẹjọ́: ilẹ̀kùn tí mẹ̀kúnnù lè kàn

Ní ọdún 2003, Nàìjíríà ti bọ́dà rẹ̀ pẹ̀lú Benin pa. Oníṣòwò kan, ọmọ Nàìjíríà tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ní ọjà tó fẹ́ lọ gbé ní Benin, kò sì rí ọ̀nà kọjá. Ó gbé ìjọba Nàìjíríà lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS pé wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ ní àwọn ò lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, torí òfin tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò gba ẹnì kan láyè láti wá fúnra rẹ̀. Orílẹ̀-èdè nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹjọ́ tó fìdí rẹmi yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún òfin ṣe. Láti ọdún 2005, ẹnikẹ́ni tí ìjọba orílẹ̀-èdè ECOWAS bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ lójú lè lọ sí ilé ẹjọ́ náà ní tààràtà, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba gbogbo kóòtù ilé kọjá. Ó kàn ní láti fi orúkọ ara rẹ̀ pe ẹjọ́, kí ẹjọ́ kan náà má sì wà níwájú ilé ẹjọ́ àgbáyé mìíràn. Ní ọdún 2008, obìnrin kan láti Niger, tí wọ́n ti tà sóko ẹrú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, jàre ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́wàá sẹ́fà ni wọ́n ní kí ìjọba san fún un.

Ẹ̀tọ́ wo ló jẹ́ tiyín?

Ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lílọ bíbọ̀ ní Dakar. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè wọ orílẹ̀-èdè ECOWAS mìíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà tó ṣì dára àti yẹ́lò káàdì. Tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àfi kó gba ìwé ìgbélùú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ gbígbé ibẹ̀ àti ẹ̀tọ́ dídá iṣẹ́ sílẹ̀ kún un, ní 1986 àti 1990.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àdéhùn 1979 ti wà nílẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà fi lé àwọn ọmọ Ghana àti àwọn mìíràn jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1983. Ibẹ̀ ni àpò “Ghana Must Go” ti gba orúkọ. Nàìjíríà yìí kan náà tún ti bọ́dà pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní Ghana, òfin ọdún 2013 ní àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, títà wẹ́wẹ́ nínú ọjà sì jẹ́ ti ọmọ Ghana nìkan. Wọ́n ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa nítorí òfin yìí. Àdéhùn ECOWAS wà o, ṣùgbọ́n ìmígíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló wà lójú ọ̀nà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kọ̀ láti tẹ̀ lé òfin ẹgbẹ́, kò sí ọlọ́pàá ECOWAS tó máa lọ mú un.

Ọ̀rọ̀ Niger

Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2023, àwọn ológun yọ Ààrẹ Mohamed Bazoum nípò. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn olórí ECOWAS ti bọ́dà pa, wọ́n dá ìṣòwò dúró, wọ́n sì ní àwọn lè lo agbára ológun. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń lọ sí Niger. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jibiya àti Illela mọ ohun tí ojú rí. Kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, Niger, Mali àti Burkina Faso ti kéde ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní pé àwọn ti jáde. Ìwé àdéhùn ní ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ dúró ọdún kan. Ìdí nìyẹn tó fi di ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025 kó tó fìdí múlẹ̀. Orílẹ̀-èdè 12 ló ṣẹ́ kù.

Ní ọjọ́ yẹn gan-an, Kọmíṣọ̀n ní kí àwọn tó kù ṣì máa gba pásípọ́ọ̀tù tó ní àmì ECOWAS lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má sì bèèrè físà lọ́wọ́ wọn títí wọ́n á fi sọ ohun mìíràn. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn náà, àwọn mẹ́ta yìí ti kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé ọmọ ECOWAS lè wọlé láìgba físà. Àmọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n gbé owó orí ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tó bá ti ìta orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Ọjà láti Nàìjíríà wà lára rẹ̀.

Ìdáhùn wa rèé, ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn ní Maradi, Zinder tàbí Niamey: ọ̀nà kò tíì dí. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ lánàá ti di ojú rere lónìí. Àdéhùn kọ́ ló dì í mú mọ́, ìkéde ni. Ẹni tó ṣe ìkéde sì lè yí i padà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n bá sì fìyà jẹ níbẹ̀ kò lè gbójú lé ilé ẹjọ́ Abuja bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kí la lè ṣe?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano, Jos tàbí Port Harcourt kò nílò ECOWAS kí ẹ tó gbé ibẹ̀. Abala 41 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti gbé níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí, abala 42 sì ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi òfin yà wá sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà wa. Ẹ̀gbọ́n tó dúró ní Katsina àti àbúrò tó kọjá sí Maradi lè máa ná ọjà kan náà, àmọ́ òfin tó bo ẹnì kan kò bo ìkejì.

Ẹni tó bá kọjá bọ́dà, kó gba pásípọ́ọ̀tù, kó má fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kó jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, torí òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé. Kó máa ka 90 ọjọ́ rẹ̀. Kó gba ìwé ìgbélùú bó bá fẹ́ pẹ́, kó sì forúkọ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà tó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí akọ̀wé ní orúkọ àwọn èèyàn wa tó ń kọjá bọ́dà lọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ sì mọ lọ́yà kan tó mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́ ECOWAS. Àwọn tí wọ́n lé ní 1969 kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe ọ̀daràn. Ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn ò ní.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Ẹ jẹ́ ká máa la ojú wa o.