Omi, Ìtọ̀ àti Jẹnẹrétọ̀ Ọjà Balógun
Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń ná Ọjà Balógun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, níbi ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Èkó, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mẹ́rin pàtẹ jẹnẹrétọ̀ tí ń lo háídrójìn inú ìtọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ìtọ̀ ni epo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná ni a fi ń tú háídrójìn sílẹ̀: omi ń fẹ́ fóòtì 1.23 ó kéré tán, yúríà inú ìtọ̀ ń fẹ́ 0.37. Èròjà amúṣẹ́yá, bíi níkẹ́lì, ń dín iná tí ń ṣòfò kù; kì í pèsè iná. Bí ọlọ́jà bá fi jẹnẹrétọ̀ elépo ṣe é, agbára epo tó jó yóò ju ti háídrójìn tó rí lọ. Iná oòrùn kò ní èéfín yẹn.