Nípa ti Èémí, Iṣẹ́ Ara àti Ọjọ́ Ogbó

Nígbà tí baba kan bá dàgbà nínú ilé, ìfẹ́ ni ó máa ń mú kí àwọn ọmọ rẹ̀ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn a ní, "Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó, ẹ sinmi." Bí ó bá fẹ́ dìde bu omi mu, ọmọ-ọmọ a ti sáré bu ú wá. Bí ó bá ní òun ń lọ sí ọjà, wọn a wá ẹni tí yóò fi alùpùpù gbé e. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, baba tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko tẹ́lẹ̀ kò lè dé ilé ìsìn mọ́ láì sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Gbogbo ilé a sì wí pé, "Ogbó ti dé."

Ṣùgbọ́n ṣé ọjọ́ orí nìkan ni ó gba agbára náà lọ? Ìbéèrè yìí ṣe é dáhùn, nítorí pé àwọn onímọ̀ ti rí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ara ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé kòkó ka orí ìwọ̀n. Òṣùwọ̀n náà ni èémí.

Iná tí ń bẹ nínú ara

Ẹni tí ó bá ti dáná rí mọ̀ pé igi nìkan kò tó. Bí a bá dí ẹnu ààrò pa, iná a kú, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó gbé e ró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ènìyàn rí. Oúnjẹ tí a jẹ ni igi. Apá kan nínú afẹ́fẹ́, èyí tí a ń pè ní ọ́síjìn, ni ó ń mú kí oúnjẹ náà di agbára àti ooru. Nígbà tí iṣẹ́ bá le, iná inú a béèrè afẹ́fẹ́ sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí ń gun òkè fi ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ní nǹkan bí ọdún 1790, Antoine Lavoisier, ará ilẹ̀ Faransé, àti Armand Seguin tí ó ràn án lọ́wọ́, wọn ọ́síjìn tí ènìyàn ń lò nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ àti nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ a máa mú un pọ̀ sí i. Ní ọdún 1923, Archibald Hill àti Hartley Lupton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí eré ti ń le sí i ni ọ́síjìn tí a ń lò ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dé ibì kan tí kò lè kọjá mọ́. Ibi náà ni òpin agbára ẹni. Ó ń sọ bí ẹ̀dọ̀fóró ti ń fa afẹ́fẹ́, bí ọkàn ti ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde, àti bí iṣan ti ń lo ohun tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá.

Báyìí ni a ṣe ń wọ̀n ọ́n: ènìyàn a máa rìn, a sì máa sáré lórí ẹ̀rọ tí ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ó máa wa kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan. A ó fi ìbòjú kan bo imú àti ẹnu rẹ̀, kí gbogbo èémí rẹ̀ lè gba inú rọ́bà kọjá lọ sínú ẹ̀rọ tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. A ó máa fi díẹ̀díẹ̀ mú iṣẹ́ náà le, títí òun yóò fi ní ó tó.

Ohun tí a rí ní Dallas

Ní ọdún 1966, ní ìlú Dallas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn mú ọ̀dọ́mọkùnrin 5, ẹni 20 ọdún, tí ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n wọn èémí wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ 3. Kí wọ́n tó dùbúlẹ̀, òpin agbára wọn jẹ́ nǹkan bí lítà ọ́síjìn 3.3 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n dìde, ó ti di 2.4. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 8 ṣe ìdárayá gidigidi, ó sì gòkè dé 3.9.

Ní ọdún 1996, a tún wá àwọn 5 náà rí. Wọ́n ti di ẹni 50 ọdún. Ara wọn ti wúwo láti nǹkan bí kílógíráàmù 77 dé 100. A tún wọn èémí wọn, a sì bá 2.9. Ẹ kíyèsí i: ohun tí 30 ọdún gbà lọ́wọ́ wọn kò tó èyí tí ọ̀sẹ̀ 3 lórí ibùsùn gbà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi oṣù 6 rìn, tí wọ́n sáré jẹ́jẹ́, tí wọ́n sì wa kẹ̀kẹ́, títí ó fi tó wákàtí 4 àbọ̀ lọ́sẹ̀. Agbára wọn padà sí 3.3, bí ó ti wà nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni 20 ọdún.

Àwa kò wí pé ogbó kò sí. Ènìyàn 5 péré ni wọ́n, ọkùnrin ni gbogbo wọn, wọn kò sì tún dé 3.9 ìgbà èwe wọn. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń dá ọjọ́ orí lẹ́bi fún, ìjókòó ni ó fà á. Ọkọ́ tí a gbé sórí àjà, ìpáàrà a mú un.

Ohun tí olúkúlùkù lè ṣe

Ẹ̀rọ yìí kò sí nítòsí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹnu wa ń bẹ. Bí o bá ń rìn tí o sì lè kọrin, ìrìn náà kò tíì le tó. Bí o bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, ó tó gẹ́ẹ́. Bí o kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí o tó mí, ó ti le jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti ní, ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú irú ìrìn tí ó tó gẹ́ẹ́ yìí lọ́sẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ 2.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, rìn ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí o sì mu omi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, rìn láti ẹnu ọ̀nà rẹ dé ibì kan náà, kí o sì kọ iye ìṣẹ́jú tí ó gbà sí ẹ̀gbẹ́ oṣù náà nínú ìwé yìí. Nígbà tí ọdún bá parí, ìwọ fúnra rẹ yóò rí i bí agbára rẹ ti ń lọ tàbí bí ó ti ń bọ̀.

Ẹni tí àyà ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tàbí tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kí ó kọ́kọ́ rí oníṣègùn. Bí àyà bá sì ń dunni lẹ́nu ìrìn, kí a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì wá ìrànlọ́wọ́.

Ní ìkẹyìn, ẹ̀yin ọmọ tí ó fẹ́ràn òbí yín, ẹ má ṣe gba gbogbo ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ ni kí ẹ dín kù. Ẹ fi ebè ewédú díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ilé, ẹ sì bá wọn rìn lọ sí ilé ìsìn dípò kí ẹ máa gbé wọn. Ẹni ọdún 85 ni Kálébù nígbà tí ó béèrè ilẹ̀ olókè lọ́wọ́ Jóṣúà. Kò béèrè àga. Kí Ọlọ́run fún àwọn àgbà wa ní ẹ̀mí gígùn, àti ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi rìn ín.