ỌJỌ́ ORÍ Ọ́ÌLÌ ẸŃJÌNNÌ: ÈWO LÓ YẸ PIJÓ ÀTIJỌ́ WA?

 

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ata àti tòmátì ló ní kí á kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ó lè kọ́ àwa yòókù lọ́gbọ́n. Pijó 504 tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ ló gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì 14 bọ̀ láti ọ̀nà Jẹ́bà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Bódè Sáàdú ni iná ọ́ìlì tàn níwájú dírẹ́bà. Kò pẹ́ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í lu kó-kó-kó, ló bá kú pátápátá. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn, oòrùn ti ba tòmátì jẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì máa tú ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tó jáde funfun bí ẹ̀kọ mímu. Ibo ni ọ́ìlì ọ̀hún ti wá? Gálọ́ọ̀nù kan ni, tí wọ́n ti ṣí, tó ti jẹ òjò ọdún méjì ní igun ìsọ̀, tí ìdérí rẹ̀ ò sì dé dáadáa. Omi ti wọ inú rẹ̀. Arábìnrin wa ní, "Ṣebí ọ́ìlì kì í bà jẹ́?" Ó máa ń bà jẹ́ o.

KÍ NI Ọ́ÌLÌ Ń ṢE?

Irin ló ń ha irin nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì ló ń wà láàárín wọn kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Òun náà ló ń gbé ooru kúrò lára irin, tó ń fọ èérí, tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Kì í ṣe epo lásán. Àwọn tó ń ṣe é máa ń po oríṣiríṣi oògùn mọ́ ọn. Bó bá pẹ́ jù, oògùn yìí á máa ré sí ìsàlẹ̀, agbára rẹ̀ á sì dín kù.

NỌ́ŃBÀ ARA GÁLỌ́Ọ̀NÙ

Ẹ ó rí 20W-50, 15W-40 tàbí 5W-30 lára gálọ́ọ̀nù. Ẹ wo òrí tí à ń tà lọ́jà. Lásìkò ọyẹ́, á le gbagidi. Lásìkò oòrùn, á yọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ́ìlì. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bó ṣe ń ṣàn nínú òtútù. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì á ṣe yá láti ṣàn tó. Òtútù ìlú òyìnbó ni W yẹn dúró fún. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná bí omi híhó. Bó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì á ṣe ki tó.

Pijó 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968. Ilé iṣẹ́ Peugeot tó ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá pọ̀ ní Èkó. Àlàfo tó wà láàárín irin àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí fẹ̀ ju ti mọ́tò òde òní lọ, iṣẹ́ ọdún pípẹ́ sì tún ti fẹ̀ ẹ́ sí i. Ọ́ìlì tó ki bíi 20W-50 ló bá wọn mu. Bí ẹ bá da 5W-30 sí i, á máa jò, á máa jóná, èéfín á máa tú yọ lẹ́yìn. Ìlọrin ò sì ní yìnyín, 20 tó wà níwájú yẹn ò lè ṣe wá ní nǹkan kan.

Ìdí kejì tún wà. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, irin tó ń ṣí fáàfù máa ń ha irin ẹgbẹ́ rẹ̀ tààrà, kò sí róólà láàárín wọn. Oògùn kan tó ní síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú ló ń dáàbò bò wọ́n. Àmọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yìí ń ba ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú mọ́tò ìgbàlódé jẹ́, ni wọ́n bá dín in kù nínú àwọn ọ́ìlì tó ń ṣàn bíi 5W-30. Ìdínkù yẹn ò kan 20W-50. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní mọ́tò alágbára ayé àtijọ́, bíi Mustang àti Pontiac GTO, wàhálà síńkì yìí kan náà ni wọ́n ń bá yí. Kì í ṣe Pijó wa nìkan.

LẸ́TÀ TÓ WÀ LẸ́YÌN API

S wà fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, C wà fún ti dísù bíi lọ́rì 911. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ń sọ ìgbà: bó bá ṣe jìnnà sí A tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ṣe jẹ́ tuntun tó. SL àti SN dára fún 504, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ 20W-50. SA ò yẹ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1930, SB ò sì yẹ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1951. Bí ẹnikẹ́ni bá fi SA lọ̀ yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ dá a padà fún un. Pijó ta ni wọ́n ṣe ṣáájú 1930?

BÁWO LÓ ṢE Ń PẸ́ TÓ?

Gálọ́ọ̀nù tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, tó wà níbi tútù tí kò lómi, lè tó ọdún 5. Àwọn kan tó ń ṣe ọ́ìlì sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ wo déètì ara rẹ̀. Èyí tí ẹ bá ti ṣí, ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì lò ó tán kó tó pé ọdún kan. Tó bá dúdú láìtíì wọ ẹ́ńjìnnì, tó funfun bí ẹ̀kọ, tàbí tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má dà á sí mọ́tò.

Èyí tó ti wà nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti rin 5,000 kìlómítà tàbí tó bá pé oṣù 6, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Kódà kí mọ́tò wà ní ìdúró, omi àti èérí á ṣì máa ba ọ́ìlì jẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọ́ìlì láàárín wa, ẹ má tò ó sójú oòrùn níwájú ìsọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ dé ni kí ẹ kọ́kọ́ tà.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN AYÉDÈRÚ

Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kan máa ń sẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, wọ́n á rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ yẹ òrùka abẹ́ ìdérí wò bóyá ó ti já. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, èyí tó bá ń rùn bí ohun tó jóná kì í ṣe tuntun. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ lu gálọ́ọ̀nù náà kí wọ́n má baà rí i rọ nǹkan sí mọ́.

Èyí tó wá ká wa lára jù rèé: gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kì í ṣe ohun tí à ń rọ òróró tàbí epo pupa sí. Bó ti wù kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, májèlé ò ní kúrò níbẹ̀ tán. Ènìyàn ni yóò jẹ ẹ́, ọmọ wa sì lè wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí á rántí: 20W-50 fún Pijó àtijọ́, kí S wà lára rẹ̀ fún bẹntiróòlù, kí déètì má tíì kọjá, kí ìdérí má tíì já. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mẹkáníìkì bá ń ṣí i, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Owó ọ́ìlì gidi kò tó owó ẹ́ńjìnnì, kò sì tó owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì 14.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí mọ́tò wa dá wa sójú ọ̀nà. Àmín.