Ìrìn-àjò Ọ̀sẹ̀ Méjì àti Ibà Tí Ń Tẹ̀lé Ènìyàn Relé

Ní ọdọọdún, pàápàá nígbà tí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ìjọ tí àwọn ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà a máa rán ènìyàn wá sí ilẹ̀ baba wọn fún iṣẹ́ Olúwa. Àwọn kan ń wá wàásù ní ìletò. Àwọn kan ń kó ìwé àti oògùn wá fún àwọn ọmọdé. Àwọn mìíràn sì ń bọ̀ wá sí àpéjọ ńlá, irú èyí tí Ìjọ Rídíìmù máa ń ṣe ní oṣù kejìlá ní ibùdó rẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú wọn kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Iṣẹ́ rere ni, ó sì yẹ kí a máa dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹni tí ń bọ̀ àti ẹni tí yóò gbà á ní àlejò mọ̀ dájú: bí ìrìn-àjò ti wù kí ó kúrú tó, ewu ibà kì í tìtorí rẹ̀ kúrú.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí. Èkíní ni pé, “Ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí, ẹ̀jẹ̀ mi mọ ibà.” Èkejì ni pé, “Ọjọ́ díẹ̀ péré ni mo fẹ́ lò.” Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn létí, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú ìbànújẹ́ wọ ilé púpọ̀. Ìtàn iṣẹ́ Ìhìnrere ní ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ni yóò dá wọn lóhùn.

Ní ọdún 1841, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ onírin mẹ́ta wọ Odò Ọya. Orúkọ wọn ni Albert, Wilberforce àti Soudan. Thomas Fowell Buxton àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrìn-àjò náà, kí a lè bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn láti pa òwò ẹrú tì, kí a sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ àti òwò tí ó tọ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ C.M.S. rán ènìyàn méjì láti Sàró bá wọn lọ: Àlùfáà J. F. Schön, àti Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé nígbà náà, tí a kò tíì fi joyè àlùfáà.

Àwọn tí ó ṣètò ọkọ̀ wọ̀nyí kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìlera. Àwọn oníṣègùn ayé ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú irà ni ó ń fa ibà. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ tí yóò máa fọ afẹ́fẹ́ mọ́ kí ó tó dé yàrá tí àwọn ènìyàn ń sùn. Ẹ̀rọ náà kò dá ibà dúró. Ní oṣù kẹjọ ni wọ́n wọ odò. Kí oṣù kẹsàn-án tó jìnnà, ibà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Nínú àwọn òyìnbó 145 tí ó wọ odò, 130 ni ibà mú, nǹkan bí 40 nínú wọn sì kú. Oko tí wọ́n dá sí ẹ̀bá ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, kí àwọn ará ibẹ̀ lè fi ṣe àwòkọ́ṣe, ni a pa tì ní ọdún 1842.

Nínú ìrìn-àjò yìí kan náà, Dókítà James M'William, oníṣègùn ọkọ̀ Albert, ṣe àkíyèsí kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tí ń gbé òkè òkun fi sọ́kàn. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà nínú ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 158, ṣùgbọ́n 11 péré ni ibà mú nínú wọn. Nígbà tí dókítà wádìí irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ó rí i pé àwọn tí ó ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ni ibà náà wá kàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ààbò tí ènìyàn dúdú ní lọ́wọ́ ibà lè dín kù bí ó bá ti lọ gbé ilẹ̀ mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

Ìmọ̀ ayé òde òní ti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀. Ọkọ́ àti àdá ti mú un le. Bí ó tilẹ̀ ro ilẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kì í bó. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ kan náà bá lọ jókòó sí ìdí iṣẹ́ ìwé fún ọdún mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá tún gbá ọkọ́ mú, ọwọ́ náà yóò lé ròrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ènìyàn rí sí ibà. Ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ ní ọdọọdún láti kékeré, ara rẹ̀ a kọ́ bí a ti í bá kòkòrò ibà jà, ibà kò sì ní tètè borí rẹ̀. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà a bẹ̀rẹ̀ sí fi ara sílẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò tilẹ̀ kọ́ ọ rí. Orúkọ Yorùbá tí ó ń jẹ́ kò lè dáàbò bò ó. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé nínú àwọn tí a ń rí ibà lára wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdọọdún, àwọn tí ó lọ kí ẹbí àti ará wọn ní Áfíríkà ni ó pọ̀ jù.

Ní ọdún 1854, ọkọ̀ mìíràn tí a ń pè ní Pleiad tún wọ Odò Ọya, ó sì gba Odò Bẹ́núé lọ sókè. Crowther tún wà nínú rẹ̀. Ní àkókò yìí ó ti di àlùfáà. Oníṣègùn ni olórí ìrìn-àjò náà, William Balfour Baikie. Ó pàṣẹ pé kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kuiníìnì ní ojoojúmọ́, kí ibà tó dé. Kuiníìnì yìí ni oògùn tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ jáde láti inú èèpo igi kan ní ọdún 1820. Ọjọ́ 118 ni ọkọ̀ Pleiad lò lórí odò, ibà kò sì pa ẹnì kankan nínú rẹ̀. Odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni. Ìmúrasílẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Baikie kò tíì mọ ohun tí ń gbé ibà kiri. Ní ọdún 1897 ni Ronald Ross, oníṣègùn kan ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe òróró, kì í sì ṣe iṣẹ́ àṣekára ni ó ń fa ibà. Abo ẹ̀fọn kan tí ń jẹni láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn.

Bí ẹ̀fọn bá ti gbé kòkòrò yìí sí ara ènìyàn, inú ẹ̀dọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sá sí. Níbẹ̀ ni yóò ti máa pọ̀ sí i, láìsí orí fífọ́, láìsí òtútù, fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ó tó tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Níhìn-ín ni ìrìn-àjò kúkúrú ti ń tan ènìyàn jẹ. Arìnrìn-àjò lè wàásù fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ara rẹ̀ le koko, kí ó dúpẹ́ ní ìpàdé ìdágbére, kí ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara yóò gbóná, orí yóò fọ́, yóò sì rò pé òtútù ìlú òyìnbó ni. Yóò mu omi gbígbóná, yóò sì dùbúlẹ̀. Ibà kò ní dúró dè é. Ó lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ó bá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn a máa wí pé ẹni tí Olúwa rán kò gbọdọ̀ bẹ̀rù àìsàn. Ẹ jẹ́ kí irú wọn rántí Epafiródítù, ẹni tí ìjọ Fílípì rán sí Pọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ìjọ ni ó bá lọ, síbẹ̀ ó ṣàìsàn títí dé ojú ikú. Pọ́ọ̀lù kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré; ó ní Ọlọ́run ṣàánú fún un, ó sì rán an padà sílé. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run lo oògùn.

Nítorí náà, kí àwọn ìjọ tí ń rán ènìyàn àti àwọn tí ń gbà wọ́n pa nǹkan wọ̀nyí mọ́:

1. Kí arìnrìn-àjò lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó gbéra, kí ó sì gba oògùn tí ń dènà ibà. Kí aboyún, ọmọ wẹ́wẹ́ àti ẹni tí ó ní àrùn sẹ́ẹ̀lì béèrè ìmọ̀ràn gidigidi. Ó sàn kí aboyún sún ìrìn-àjò síwájú bí ó bá ṣeé ṣe. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ó gbọdọ̀ pé ọjọ́ 10, ó kéré tán, kí ó tó dé ilẹ̀ yìí.

2. Kí onílé tí ń retí àlejò so àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti fi oògùn sí, kí ó sì wò ó bóyá ó ti ya. Kí ó dí kòtò tí omi òjò ń dúró sí ní àyíká ilé. Ọ̀wọ̀ fún àlejò ju adìẹ tí a pa fún un lọ.

3. Ní ìṣọ́ òru àti àpéjọ ìta gbangba, kí a wọ aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀, kí a sì fi ìpara tí ń lé ẹ̀fọn pa ara. Ìgbà tí àdúrà ń gbóná ni ẹ̀fọn ń jẹun.

4. Bí ibà bá mú àlejò níhìn-ín, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní kíá, kí a má ṣe sáré ra oògùn lásán. Oògùn tí a fi ń dènà ibà yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń wò ó.

5. Kí arìnrìn-àjò má ṣe dá oògùn ìdènà dúró ní ọjọ́ tí ó bá délé. Òmíràn gba ọjọ́ 7 sí i, òmíràn gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí kòkòrò tí ó lè ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀.

6. Bí ara bá gbóná láàárín ọdún kan tí ó padà, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó lọ rí dókítà ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì sọ gbangba pé, “Mo ti Nàìjíríà dé.” Dókítà tí a kò bá sọ fún lè má ronú kan ibà.

Kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń bọ̀ láti òkè òkun kọ ìwé ránṣẹ́ sí wọn ní àkókò, kí wọ́n má ṣe dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá dé. Ẹni tí ó bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó sì padà ní àlàáfíà, yóò tún lè wá ní ọdún mìíràn.