Ẹni Tí Ó Sanwó Ìwádìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Òwe yìí kan iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú.

Ní 1947 ni ìjọba dá Nigeria Cocoa Marketing Board sílẹ̀. Àjọ yìí ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n, Àrámọ̀kọ àti Ìjerò yóò gbà lórí kòkó rẹ̀. Bí kòkó bá wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè òkun, ọwọ́ àjọ ni àlékún ń wà. Àjọ kan náà ni ó náwó sí ìwádìí tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe lórí ìdílé àwọn Yorùbá tí ń gbin kòkó, èyí tí a tẹ̀ ní 1956.

Ìwé náà kún fún ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tí yóò pe àwọn tí ó kọ ọ́ ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n kò di ìgbà tí olówó bá yí iye kan padà kí ọwọ́ rẹ̀ tó hàn nínú iṣẹ́. Yíyan ìbéèrè ti tó. Bí a bá bèèrè bí àgbẹ̀ ṣe ń náwó, àgbẹ̀ ni yóò rojọ́. Bí a bá bèèrè èló nínú owó kòkó ni kò dé ọwọ́ rẹ̀, àjọ ni yóò rojọ́.

Ohun kan yẹ fún ìyìn: orúkọ àjọ hàn gbangba lára ìwé náà, òǹkàwé sì lè fi wọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò. A pa irú àjọ bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní 1986, ṣùgbọ́n ìwádìí olówó kò tán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba àbájáde gbọ́, kí ó wá ẹni tí ó sanwó, kí ó sì wá ìbéèrè tí a kò bèèrè.