Bí Ìwé Ìṣirò Bá Há Sẹ́nu Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ máa ń bi wá léèrè ìdí tí ìwé ìṣirò owó fi ń pẹ́ jáde bí ìpàdé ọdọọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní ọ́fíìsì wa ní Ìlaròó, kọ̀ǹpútà púpọ̀ ló ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo. Bí a bá rán ìwé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbà lọ. Yóò há, gbogbo iṣẹ́ tó tò sẹ́yìn rẹ̀ yóò sì dúró.

Kí akọ̀wé má ṣe tún un rán. Bí ẹ̀rọ bá jí, ẹ̀dà méjì-mẹ́ta ni yóò tẹ̀, ìṣirò owó ẹni yóò sì bọ́ sójú ẹni tí kò kàn. Kí ó kọ́kọ́ wo bébà, yíǹkì àti wáyà. Kí ó fagi lé iṣẹ́ tó há. Bí kò bá lọ, kí ó pa Print Spooler, tí í to iṣẹ́ tẹ̀léra nínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì tún un tan.

Lẹ́yìn náà, kí ó máa tẹ ojú ìwé 40 lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kọ nọ́ńbà èyí tó jáde kẹ́yìn sílẹ̀. Bí iná bá lọ, ó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.